Ìdí Tí Àwọn Ènìyàn Fi Ń Wa Bàálù Kékeré fún Ìgbádùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n máa ń bi àwa tí à ń wa bàálù kékeré léraléra. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó takókó ló kẹ́yìn.

Irú àwọn ènìyàn wo ló ń wa bàálù kékeré fún ìgbádùn?

Àwọn tí wọ́n ní ìwé àṣẹ láti wa bàálù ni, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń jẹun. Dókítà wà láàárín wọn, àgbẹ̀ wà, olùkọ́ ilé ìwé wà, mẹkáníìkì wà, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Bàálù tí wọ́n ń wà kì í sábà gbà ju ènìyàn méjì sí mẹ́fà lọ, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì máa ń ní.

Ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ àwọn olówó tí wọ́n ra jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì gba awakọ̀ sí i. Ẹni tó ni jẹ́ẹ̀tì ń wá bí yóò ṣe tètè dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń wa bàálù kékeré fúnra rẹ̀ lè gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ó yí agbègbè náà ká fún wákàtí kan, kí ó tún balẹ̀ síbi tí ó ti gbéra, kí inú rẹ̀ sì dùn títí di ọjọ́ kejì. Wíwà náà gan-an ni ó bá jáde.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ó fi ń wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ojú ń rí. Bàálù kékeré kì í sábà fò ga. Ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sí 5,000 ló wọ́pọ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 600 sí 1,500. Láti ibẹ̀, ojú ṣì lè rí ẹran tó ń jẹ̀ nínú pápá àti aṣọ tí wọ́n sá sí ẹ̀yìn ilé, síbẹ̀ ó tún lè rí odò kan láti òkè tó ti ṣàn wá dé ibi tó ti wọ òkun. Ènìyàn á rí ojú ipa tí odò náà ń gbà tẹ́lẹ̀ kí ó tó yà, á rí ibi tí òkè ti dí ọ̀nà mọ́ ọn, ìdí tí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú kan dó fi yan ibi tí wọ́n yàn á sì hàn sí i láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé.

Ní tèmi, mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ti ìran wíwò lọ, nítorí pé ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ń rí ìran kan náà láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tó ń fa awakọ̀ padà sí pápá ọkọ̀ òfurufú ni pé iṣẹ́ náà ń gba gbogbo ọkàn ènìyàn pátápátá. Ọwọ́ kan wà lórí ọwọ́ ìdarí, ọwọ́ kejì wà lórí ohun tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dà, etí wà lọ́dọ̀ rédíò, ojú ń wo ìta, ó ń ṣẹ́jú wo gééjì, ó sì tún ń padà síta. Ọkàn ti ń rò ibi tí bàálù yóò wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Gbèsè, ẹjọ́ ibi iṣẹ́ àti àríyànjiyàn ilé kì í ráyè wọlé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kò lé wọn jáde o. Àyè ni kò sí fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Òfin ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé gbé ìpinnu ìkẹyìn lé ẹni tó ń wa bàálù lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ bàálù alájòkòó méjì ni ó ń wà. Níbi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ìpinnu a máa gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá, àbájáde rẹ̀ a sì máa pẹ́ kó tó hàn. Nínú bàálù, bí mo bá ṣírò ẹ̀fúùfù dáadáa, táyà á kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí mo fẹ́; bí mo bá ṣírò rẹ̀ kù, ìdí mi yóò sọ fún mi kí ìṣẹ́jú kan tó kọjá. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà rí ohun tí yóò máa bá a sọ òtítọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni kí ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú bàálù ńlá?

Rárá. Bàálù èrò ńlá máa ń lọ ní nǹkan bí mítà 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkuukùu ló sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ ni èrò ń gbà wòta, kò sì lè rí iwájú láéláé. Nínú bàálù kékeré, gíláàsì wà níwájú àti lọ́tùn-ún lósì, ara sì ń mọ̀ ọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ń gbéra láti orí oko tí wọ́n ti kórè tàbí nígbà tí bàálù bá kọjá lórí omi tútù.

Irú bàálù wo ni wọ́n sábà máa ń wà?

Èyí tí a máa ń rí jù ni Cessna 172. Ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1956, wọ́n sì ti ṣe èyí tó lé ní 44,000 jáde. Kò sí irú bàálù mìíràn tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń gbà, eré rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 220 ní wákàtí kan, orí ni ìyẹ́ rẹ̀ wà, nítorí náà kò sí ohun tó ń dí ẹni tó bá fẹ́ wo ilẹ̀ lọ́wọ́. Kò yára, kò sì lẹ́wà lọ títí, ṣùgbọ́n ó máa ń dárí ji akẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyẹn tí àìmọye awakọ̀ fi ti inú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Piper PA-28 ni ojúgbà rẹ̀ tí ìyẹ́ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn ti àtijọ́. Piper J-3 Cub, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1938 sí 1947, kò ju alájòkòó méjì lọ, ẹnìkan jókòó sẹ́yìn ẹnìkejì, agbára ẹ́ńjìnnì èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kò sì ju ti ẹṣin 65 lọ. A lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí wa lára. Ẹni tó bá ti fi í fò lórí oko ní ìrọ̀lẹ́, tó ń gbọ́ òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kì í bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú bàálù tó dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn sì ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù. Wọ́n á ra irin, ìwé àwòrán àti bọ́ǹtì, wọ́n á sì fi ọdún púpọ̀ jókòó tì í nínú gáréèjì. Ẹgbẹ́ EAA, tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1953, ti inú àwọn akanbàálù bẹ́ẹ̀ jáde, ìpàdé ọdọọdún rẹ̀ ní Oshkosh sì ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù jọ. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kíkàn án gan-an jẹ́ ìdajì ìgbádùn náà.

Ṣé dandan ni kí ènìyàn jẹ́ olówó rẹpẹtẹ?

Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ohun ìnáwó ni, ó sì ń náni lówó ju ọ̀pọ̀ eré ìdárayá lọ. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé kí a ra bàálù nìkan ni ọ̀nà tó wà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní bàálù rárá. Wọ́n ń háyà rẹ̀ ní wákàtí, ẹ̀rọ kékeré kan níwájú awakọ̀ ló ń ka àkókò tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́, iye tó bá kà ni wọ́n sì ń sanwó lé.

Àwọn mìíràn máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́fà para pọ̀ ra ẹyọ kan. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Owó ibi ìgbékalẹ̀, owó adójútòfò àti owó àyẹ̀wò ọdọọdún kò bìkítà bóyá bàálù fò tàbí kò fò, nítorí náà bí àwọn tó ń pín in bá ti ń pọ̀ sí i ni ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dín kù. Epo, ọ́ìlì àti owó tí a ń fi pamọ́ de ẹ́ńjìnnì ni ó bá wákàtí rìn. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming tó wà nínú àwọn bàálù yìí, wákàtí 2,000 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é dá pé kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n sì tún un tò. Ẹni tí kò bá fi owó ìyẹn pamọ́ díẹ̀díẹ̀ yóò gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé bàálù kékeré máa ń jẹ́ kí ìrìnàjò yá?

Nígbà mìíràn. Bí ibi tí à ń lọ kò bá ju 100 kìlómítà lọ, àkókò tí a fi yẹ bàálù wò àti èyí tí a fi kúrò ní pápá yóò jẹ èrè náà tán. Bí ó bá jẹ́ 400 kìlómítà, tí ojú títì sì ní láti yí adágún tàbí òkè ká, bàálù yóò fi ọkọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ lè dá a dúró fún ọjọ́ méjì, nítorí náà ẹni tí ó ní ìpàdé tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e láìní ọ̀nà mìíràn.

Kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́ kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ?

Ìlànà ICAO, àjọ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, fi wákàtí 40 ṣe ìpìlẹ̀ fún ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, ọjọ́ orí kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún 17. Amẹ́ríkà lo 40 náà, ó kéré tán 20 nínú rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ àti 10 ní àdáwà; ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ òfin EASA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Yúróòpù, 45 ni. Iye tó kéré jù ni ìwọ̀nyí. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan sábà máa ń kọjá wọn dáadáa, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò, ìdánwò lórí ìwé wà, ìdánwò inú bàálù pẹ̀lú sì wà.

Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà pọ̀: ojú ọjọ́, òfin òfurufú, bí a ṣe ń ka máàpù, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí gíga ń ṣe sí ara ènìyàn, àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò láìfi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n rò pé àwọn ti parí ìwé kíkà láyé wọn, ìdùnnú ńlá ni láti tún di akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á ní kí wọ́n gun òkè dáadáa, kí wọ́n dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí wọ́n sì máa gbé imú bàálù sókè díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè ṣàn geere lórí ìyẹ́ mọ́. Ọwọ́ ìdarí á di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìkìlọ̀ á máa dún fee, ara bàálù á gbọ̀n, imú rẹ̀ á sì já. Gbogbo ara ni yóò máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra, bẹ́ẹ̀ títì í síwájú ló lè yọ ọ́. Wọ́n á ṣe é léraléra títí ọwọ́ yóò fi mọ ohun tí ẹ̀rù kò mọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fò tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé olùkọ́ kì í sábà sọ ọjọ́ náà tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti balẹ̀ nígbà mélòó kan pẹ̀lú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ á ní kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á ṣílẹ̀kùn, á bọ́ sílẹ̀, á sì ní kí ó lọ yí pápá náà ká kí ó padà wá. Bàálù náà á fò sókè kíákíá ju bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò lọ, nítorí pé ẹni kan ti dín kù nínú ẹrù rẹ̀. Àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò rí nígbà tó bá yíjú láti wo ibi tí yóò gbà balẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 16 lè dá bàálù wà báyìí; ti bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, ọdún 14 ti tó.

Mo máa ń bẹ̀rù ibi gíga. Ṣé mo lè wa bàálù?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ lè wà á. Awakọ̀ tí kò lè gun àkàbà dé òrùlé pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀rù ibi gíga sábà máa ń wá láti rírí etí ibi tí a dúró sí àti ilẹ̀ tó so mọ́ ọn nísàlẹ̀; nínú bàálù, kò sí etí náà, ìsopọ̀ náà kò sí. Kí ẹ kọ́kọ́ jókòó ti olùkọ́ kan fún ìdajì wákàtí ni yóò dáhùn rẹ̀ ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè ńkọ́?

Bàálù kì í já lulẹ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì kú. Ìyẹ́ ló ń gbé e, ẹ́ńjìnnì kàn ń tì í síwájú ni. Bí Cessna 172 bá wà ní mítà 1,000 sókè tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dákẹ́, ó lè rọra yọ̀ lọ tó nǹkan bí kìlómítà 9 nígbà tí ẹ̀fúùfù kò bá sí, bí awakọ̀ bá pa eré tó yẹ mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ ń ṣe nìyẹn: eré. Lẹ́yìn náà ni yóò yan ibi tí yóò balẹ̀ sí, kí ó tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá epo apá kan ló tán nígbà tí apá kejì ṣì kún, tàbí bóyá yìnyín ti dì nínú kábúrétọ̀. Yìnyín yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé ó lè dì níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti gbóná ju 20°C lọ, bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Bí àyè bá ṣì wà, yóò ké sí àwọn tó wà lórí rédíò, 121.5 MHz ni ìkànnì pàjáwìrì tí gbogbo ayé ń lò.

Wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnnì náà lọ́nà tí kì í fi í tètè kú. Ẹ̀rọ méjì ló ń fún un ní iná tó ń dáná sun epo, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì tirẹ̀, kò sì sí èyí tó nílò bátìrì nínú méjèèjì. Gbogbo iná inú bàálù lè kú kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn bàálù Cirrus tilẹ̀ ní páráṣúùtì tó ń gbé odindi bàálù wálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí bàálù kúrò nílẹ̀, nígbà tí kò tíì ga. Awakọ̀ á fẹ́ yí padà sí pápá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, yíyí náà á sì jẹ gíga díẹ̀ tó kù. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ni pé kí ó balẹ̀ síwájú, ìbáà jẹ́ inú oko, kí ó sì ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lóhùn rara kí ó tó gbéra.

Kí ni wọ́n ń wò lára bàálù tí wọ́n fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra?

Ẹ wo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí bí ó ṣe ń yí bàálù ká. Yóò gun àtẹ̀gùn kékeré, yóò ṣí ìdérí epo lórí ìyẹ́, yóò sì ti ọ̀pá kan bọ ibẹ̀ láti wọn epo náà, nítorí pé kì í gba ọ̀rọ̀ gééjì gbọ́. Yóò wá lọ sábẹ́ ìyẹ́ pẹ̀lú ife kékeré kan tó mọ́ gaara, yóò fa epo díẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Epo 100LL tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí omi bá ti wọ inú ọpọ́n náà, yóò rọ̀ sísàlẹ̀ ife bí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní àwọ̀, yóò sì tún fà á títí aró nìkan ni yóò fi kù.

Yóò wò bóyá kòkòrò ti fi amọ̀ dí ihò kékeré tí bàálù fi ń mọ eré tó ń sá, bóyá ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sínú àyè ẹ́ńjìnnì, bóyá bọ́ǹtì tó di àwọn apá ìdarí mú ṣì le. Yóò fi ìka tọ́ etí fáànù iwájú, nítorí pé ojú lè fo ibi tí òkúta ti hán án, ìka kò sì ní fò ó. Èmi gan-an fẹ́ràn apá yìí púpọ̀. Ibẹ̀ ni ìgbádùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ó léwu?

Ó léwu. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀nà tí a gbà dé pápákọ̀ léwu ju fífò náà lọ. Òótọ́ ni èyí fún bàálù èrò ńlá, kì í ṣe òótọ́ fún bàálù kékeré. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka a jù, ìjàǹbá tó pa ènìyàn ń ṣẹlẹ̀ nínú irú fífò yìí tó nǹkan bí ẹyọ kan fún wákàtí 100,000. Alùpùpù ni wọ́n sábà máa ń fi í wé.

Ohun tó yẹ kí a fi kún un ni pé ìpinnu àti ọwọ́ awakọ̀ ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Epo tán lójú ọ̀nà. Awakọ̀ wọ inú ìkuukùu tí kò ní ìmọ̀ láti là á já. Ó fẹ́ fi ara hàn fún ọ̀rẹ́, ó wá fò nísàlẹ̀ jù. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá kó ara rẹ̀ níjàánu lè dín ewu náà kù gan-an, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di òfo, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé ó ṣeé ṣe kò yẹ ní ẹni tí ẹ ń bá fò.

Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́. Kí ló dé tí awakọ̀ fi ní òun kò lọ mọ́?

Ojú ọ̀run ibi tí a dúró sí kọ́ ni ó ń rò. Ó lè jẹ́ pé kùrukùru ti bo ibi tí wọ́n ń lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀fúùfù ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé, tó sì ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ. Oòrùn náà pàápàá lè jẹ́ ìdí rẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ìyẹ́ kò rí nǹkan tó tó gùn lé, fáànù iwájú kò rí nǹkan tó tó fà, ẹ́ńjìnnì kò sì rí èémí tó mí. Bàálù tó ń gbéra geere ní òwúrọ̀ lè kọ̀ láti gun òkè ní ọ̀sán, pàápàá ní pápá tó wà lórí òkè.

Ìkuukùu ló yẹ kí a bẹ̀rù jù. Etí inú ló ń sọ fún wa bóyá a dúró ṣánṣán, ó sì ń purọ́ nígbà tí ojú kò bá rí ilẹ̀. Bàálù lè máa yí sósì, kí ara awakọ̀ sì máa búra fún un pé tààrà ni ó ń lọ. Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois dán akẹ́kọ̀ọ́ 20 wò bí ẹni tó ṣèèṣì wọ inú ìkuukùu. Gbogbo wọn ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ìpíndọ́gba àkókò tó gbà wọ́n sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 178. Ní oṣù Keje ọdún 1999, John F. Kennedy Jr. (ọmọ Kennedy tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí), ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kú sínú òkun nítòsí Martha's Vineyard nígbà tó ń wa bàálù tirẹ̀ ní alẹ́ tí kùrukùru mú. Àjọ tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Awakọ̀ lè gba ìwé àṣẹ mìíràn tí yóò jẹ́ kí ó máa fi gééjì nìkan fò, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ń fẹ́ ìdánrawò lóòrèkóòrè.

Nítorí náà, bí awakọ̀ yín bá ní ẹ jẹ́ ká jẹun kí a sì máa lọ sílé, ẹ má bínú sí i. Èyí tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ṣé awakọ̀ aládàáni lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé?

Kò lè fi ṣòwò. Ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ kí àwọn tó bá a lọ pín owó epo, ọ́ìlì, owó pápá àti owó háyà pẹ̀lú rẹ̀, bí òun náà bá san ìpín tirẹ̀ pé, tí gbogbo wọn sì ní ìdí kan náà fún ìrìnàjò ọ̀hún. Yúróòpù náà fàyè gba pípín owó lábẹ́ ìlànà tirẹ̀. Ìwé àṣẹ mìíràn ni ti ẹni tó fẹ́ fi gbé èrò fún owó.

Àwọn tó ń gbé nítòsí pápá ń ráhùn ariwo àti èéfín. Ṣé ẹjọ́ wọn tọ́?

Ẹjọ́ wọn tọ́, kò sì yẹ kí a máa fi í ṣeré. Òjé wà nínú epo 100LL, wọ́n fi í sínú rẹ̀ kí epo má bàa máa jó ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì, òjé kò sì dára fún ọpọlọ ọmọdé rárá. Ọkọ̀ ilẹ̀ ti fi irú epo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ó sì yẹ kí àwa náà ti fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí epo kan tí kò ní òjé, G100UL, fún àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo yìí, ìpẹ̀kun ọdún 2030 sì ni wọ́n dá láti kúrò nídìí olójé. Ẹ́ńjìnnì Rotax 912 tó wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù fẹ́ẹ́rẹ́ ti ń lo pẹtiróòlù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàálù oníná náà ti dé. Pipistrel Velis Electro ni àkọ́kọ́ tí EASA fún ní ìwé ẹ̀rí, ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Bátìrì rẹ̀ kò tíì lè gbé e lọ tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yí pápá ká, àwọn bàálù tó ń yí pápá ká léraléra bẹ́ẹ̀ sì ni ariwo wọn máa ń pọ̀ jù létí àwọn aládùúgbò.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìwé àṣẹ?

Owó wà níbẹ̀, ọmọ àti iṣẹ́ wà níbẹ̀. Èyí tí a kì í sọ tó ni pé ìdánwò ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń lépa fún oṣù púpọ̀, nígbà tí wọ́n sì lé e bá, wọn kò mọ ibi tí wọ́n tún fẹ́ lọ. Wọ́n á gbé ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta yípo, wọ́n á wo òrùlé ilé ara wọn láti òkè, ó sì parí. Bí wọn kò bá fò fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ á máa wúwo, ẹ̀rù á sì wọlé. Òfin náà mọ èyí: ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá ti gbéra kí ó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń bá a lọ ni àwọn tó ń fi nǹkan tuntun kún un. Àwọn kan lọ kọ́ bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, níbi tí awakọ̀ ti ń wá afẹ́fẹ́ tó ń gòkè kiri kí ó lè wà lókè pẹ́. Àwọn kan kọ́ bàálù tó ní táyà kékeré níbi ìrù, tí kì í gba ìwàkuwà lórí ilẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò Young Eagles ti EAA, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, ti gbé ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì fò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọwọ́ àwọn awakọ̀ olùyọ̀ǹda ara ẹni. Kí ẹ jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń di ọwọ́ ìdarí mú fún ìgbà àkọ́kọ́ lè dá ìfẹ́ tó ti ń kú padà.

Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn gbé ọkọ tàbí aya àti ọmọ rẹ̀ sínú ewu nítorí ìgbádùn tirẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló le jù, àwọn awakọ̀ tí mo bọ̀wọ̀ fún kò sì dáhùn rẹ̀ bákan náà. Àwọn kan kì í gbé ọkọ àti aya pọ̀ nínú bàálù kan náà nígbà tí ọmọ wọn ṣì kéré. Àwọn mìíràn ní ìdílé tó ń gun alùpùpù, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, tó sì ń gun òkè kò yàtọ̀ sí tiwọn. Mo rí òye ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí n kò gbà ni kí awakọ̀ fi ewu náà pa mọ́ fún ẹni tó ń gbé. Àgbàlagbà tó gbọ́ òótọ́ tó sì wọ bàálù ti yàn fúnra rẹ̀. Ọmọdé kò lè yàn, nítorí náà ọjọ́ tí a bá gbé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó dára jù tí a ní.

Èyí ni bí mo ṣe ń ṣe é. Mo kọ ààlà mi sínú ìwé nílé, kí ẹnikẹ́ni tó dé pápá: ẹ̀fúùfù ẹ̀gbẹ́ tí n kò ní kọjá, bí ìkuukùu ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, iye epo tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nígbà tí mo bá balẹ̀. Iye wọ̀nyí le nígbà tí mo bá gbé èrò ju ìgbà tí mo bá dá fò lọ. Mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá mi wọlé, kí a tó tan ẹ́ńjìnnì, pé bí ara wọn kò bá balẹ̀ nígbàkígbà, kí wọ́n sọ pé kí a padà, n kò ní béèrè ìdí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá délé. Ẹnikẹ́ni tí kò bá lè ṣe ìlérí yẹn fún èrò rẹ̀, kí ó máa dá fò ná.